Ààlà Oko Bàbá àti Ti Ọmọ: Ìtàn Ogún Oko Kòkó ní Ilẹ̀ Yorùbá

Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, wọn a sì máa pa á nígbà tí ọ̀ràn ìrẹ́jẹ bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó bá ara wọn tan. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn, yóò hàn pé ó ń sọ bí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti rí kí kòkó tó dé ilẹ̀ Yorùbá: bàbá ní oko tirẹ̀, ọmọ ní oko tirẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà jáde ní òwúrọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1880 ni igi kan tí kì í ṣe igi ilẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ààlà náà rú. Bí ó ti dà á rú, àti ọgbọ́n tí àwọn àgbẹ̀ ta láti tún un fà, jẹ́ ohun tí ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ ìtàn fi ara balẹ̀ wò, nítorí pé láti inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú owó ilé-ìwé ti jáde, láti inú rẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìjà ẹbí ti jáde.

Ní ayé àtijọ́, ohun tí àgbẹ̀ ń fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe oko gan-an, ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ ni. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ilá kò pẹ́ lórí ilẹ̀. Bí a bá ti fi oko dá fún ọdún mélòó kan, a óò fi í sílẹ̀ kí ó di igbó padà, a óò sì ṣán ibòmíràn. Nítorí náà, nígbà tí bàbá bá kú, ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ kò ju èyí tí àwọn ará ilé yóò jẹ tán láàárín ọdún kan sí méjì. Ilẹ̀ sì ti jẹ́ ti ẹbí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ oko yóò tọ olórí ẹbí lọ, olórí ẹbí yóò sì fi ibi tí yóò ṣán hàn án. Ọmọkùnrin tí ó ti tó ọkọ́ í gbé yóò ṣiṣẹ́ lóko bàbá rẹ̀ láti òwúrọ̀, bí oòrùn bá rọ̀, a lọ sí oko kékeré tí bàbá fi fún un, èyí tí ó bá sì ti ibẹ̀ jáde jẹ́ tirẹ̀. Bàbá ni ó ń fẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni oko ọmọ ń gbòòrò, tí ti bàbá ń sún kì, títí tí bàbá yóò fi di arúgbó tí a ń gbé iṣu wá fún láti oko ọmọ. Ìgbà tí oko ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn kò ní ọjọ́ kan pàtó. Ogún ọdún ni ó lè gbà, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé òní ni ó ṣẹlẹ̀.

Kò yẹ kí a wá sọ pé àwọn Yorùbá kò mọ igi tí ń pẹ́ kí kòkó tó dé. Wọ́n mọ ọ̀pẹ, wọ́n mọ obì àbàtà, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹni tí ó ni igi lè yàtọ̀ sí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ìdí nìyí tí onílẹ̀ fi ń fi ọwọ́ kéékèèkéé mú àlejò tí ó bá ń gbin igi sórí ilẹ̀ rẹ̀: àlejò tí ó gbin iṣu lè kó ẹrù rẹ̀ lọ lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbin igi ti so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí kòkó yàtọ̀ sí ni pé ó gba gbogbo oko. Igi obì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà lẹ́bàá ọ̀nà. Kòkó a máa bo ilẹ̀ láti ààlà dé ààlà, yóò sì dúró níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé ó lè gùn ju ẹ̀mí ẹni tí ó gbìn ín lọ.

Àwọn òpìtàn, pàápàá A. G. Hopkins nínú àròkọ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1978, ti fi hàn pé agbègbè Àgége, ní ẹ̀yìn Èkó, ni orírun pàtàkì kan fún oko kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá. J. P. L. Davies, ọmọ Sàró tí a bí ní ọdún 1828, jẹ́ oníṣòwò ńlá ní Èkó kí gbèsè tó dá òwò rẹ̀ dúró ní àwọn ọdún 1870. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ó yíjú sí oko ní Ìjọ̀n, ó sì gbin kòkó. Níbẹ̀ náà ni ó mọ ọwọ̀n òkúta kan sí ní ìrántí ìyàwó rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta, tí ó kú ní ọdún 1880 yẹn gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kẹ́hìndé Coker (1866–1945) dìde, ọmọ Ẹ̀gbá tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ìjọ African Church, tí ó sì wà nídìí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbìn Àgége tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1907. Oko àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò dà bí oko àgbẹ̀ ìlú òkè. Alágbàṣe ni wọ́n ń sanwó fún, bí owó bá sì ti já, oko a já. Nígbà tí iye tí wọ́n ń ra kòkó wó lulẹ̀ ní ọdún 1920 sí 1921, gbèsè mú àwọn ọlọ́gbìn Àgége. Ilé àti òpópónà ni ó wà lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà nísinsìnyí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ àwọn tí ó jogún oko Àgége ní tòótọ́, kí ó má wulẹ̀ wá wọn láàárín àwọn ọmọ tí àwọn ọlọ́gbìn bí. Àwọn alágbàṣe tí ó ti òkè wá, tí wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì mú irúgbìn àti ìmọ̀ lọ sí ìlú wọn, ni ó jogún rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, àsìkò náà bọ́ sí i dáadáa. Ogun Kírìjì, tí a ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886, kò tú ká tán títí di ọdún 1893. Àwọn ọkùnrin tí ó ti fi ogun ṣe iṣẹ́ padà wá sílé, wọ́n sì ń wá ohun tí wọn yóò fi ọwọ́ wọn ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ gbin kòkó sí igbó ìhà gúúsù Ìbàdàn. Nígbà tí ibẹ̀ kún, àwọn ọmọ wọn gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ, wọ́n gba Gbọ̀ngán kọjá bọ́ sínú igbó Ifẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di àwọn ọdún 1940 àti 1950, igbó Oǹdó ni wọ́n ń tọrọ. Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1975, tọ ipasẹ̀ àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí láti abà dé abà.

Bí oko ti ń dàgbà kò ṣẹ̀yìn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbìn ín. Àgbẹ̀ kò gbin kòkó ní ọdún kan kí ó sì jókòó. Yóò ṣán igbó, yóò kọ iṣu sí i, yóò gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò, yóò sì sọ kòkó sáàárín wọn. (Ọmọdé tí ń kọ́ àmì ohùn lè fi ìyẹn ṣe àṣàrò: abẹ́ kókò ni kòkó ti ń rí òjìji nígbà tí ó wà ní kékeré.) Nígbà tí oúnjẹ ilẹ̀ náà bá ń tán lọ, kòkó yóò ti ga. Ní nǹkan bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ àgbẹ̀ ti ṣán ibòmíràn, nítorí ará ilé gbọ́dọ̀ jẹun. Báyìí ni oko ṣe ń tẹ̀lé ìkòkò ọbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní okun àti àwọn tí yóò ràn án lọ́wọ́, oko rẹ̀ yóò di mẹ́rin, yóò di márùn-ún, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí àgbà, èyí èwe. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti ń so dáadáa, yóò fi í sí ọwọ́ àbúrò tàbí ọmọ, yóò sì kọjá sí igbó titun. Ìlànà ìdàgbàsókè oko ni èyí, a kò sì kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ó ń fi ohun tí oko àgbà bá mú wá bọ́ oko èwe, ó sì ń ṣọ́ra kí gbogbo igi má baà darúgbó lọ́jọ́ kan náà.

Ta ni ó wá ń ṣe iṣẹ́ náà? Ìwọ̀fà ṣe é, kí ìjọba tó fòfin dè é. Àwọn ìbátan ṣe é. Ọ̀wẹ̀ àti àáró ràn án lọ́wọ́. Alágbàṣe dé nígbà tí owó bá wà. Ṣùgbọ́n ọmọ àti ìyàwó ni igi lẹ́yìn ọgbà. Ìyàwó a máa fọ́ kòkó, a máa rù ú láti oko dé abà, a máa sá a, a máa se oúnjẹ àwọn alágbàṣe. Ọmọ a máa ṣán, a máa ro, a máa ká. Níhìn-ín ni ààlà ti òwe yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Nígbà ti iṣu, iṣẹ́ tí ọmọ ṣe fún bàbá lọ́dún yìí, wọ́n jẹ èrè rẹ̀ lọ́dún yìí. Nígbà ti kòkó, iṣẹ́ ọmọ wọ inú igi, ó sì wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún lábẹ́ orúkọ bàbá. Bàbá mọ̀ pé òun jẹ ọmọ ní gbèsè. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó lè gbà san án: kí ó fẹ́ ìyàwó fún un, kí ó ràn án lọ́wọ́ láti gbin kòkó tirẹ̀, tàbí kí ó rán an lọ sí ilé-ìwé.

Ilé-ìwé ni ó mú ọ̀rọ̀ le. Ṣáájú ọdún 1955, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó kòkó ni ó ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àgbẹ̀, kò sì sí bàbá tí apá rẹ̀ ká gbogbo ọmọ. Bí ó bá rán méjì lọ, mẹ́rin yóò kù lóko, kòkó tí àwọn mẹ́rin ń ro ni yóò sì sọ àwọn méjì di akọ̀wé. Bàbá kò rí ohun tí ó burú nínú èyí, nítorí ó ti rò ó pé ẹni tí ó mọ̀wé yóò padà gbé àwọn yòókù sókè. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá bá kú, tí a sì pe àwọn ọmọ jọ, èyí tí ó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ẹ̀tọ́ sí oko bákan náà pẹ̀lú èyí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi lórí rẹ̀. Àṣà kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ni ó ṣe lóko. Ó bi í pé ọmọ ta ni.

Àkókò tí ó léwu jù lọ fún oko ni ti ọdún mélòó kan ṣáájú ikú bàbá àti ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá kò bá lè dé oko mọ́, yóò fi í sí ọwọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, tí ń gba ìpín kan nínú mẹ́ta lára ohun tí ó bá ká. Ìpín náà kò burú. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú kì yóò gbin igi titun sí àlàfo ibi tí igi ti kú, nítorí kì í ṣe òun ni yóò jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni àìsàn, lẹ́yìn àìsàn ni òkú. Bí owó ìsìnkú kò bá sí nílẹ̀, wọn a fi oko dógò: ẹni tí ó yá wọn lówó ni yóò máa ká kòkó títí tí wọn yóò fi rí owó rẹ̀ san padà, ohun tí ó sì ń ká láàárín ìgbà yẹn kì í dín gbèsè kù. Nígbà tí Galletti, Baldwin àti Dina ṣe ìwádìí ńlá wọn láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ní ọdún 1951 sí 1952, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1956, gbèsè àti oko àfidógò wà lára ohun tí wọ́n ní láti yẹ̀ wò. Ó bani nínú jẹ́ pé òkú bàbá tí a ṣe ní àṣeyẹ lè gba oko tí ó fi ogójì ọdún kọ́.

Bí oko bá ti bọ́ nínú èyí, ó kù kí a pín in. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Nínú ìdí-igi, iye ìyàwó tí ó bímọ ni a ó fi pín in, ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò sì pín tiwọn láàárín ara wọn. Nínú orí-ò-jorí, iye ọmọ ni a ó fi pín in, olúkúlùkù gba dọ́gba. Kí a fi oko éékà 18 ṣe àpẹẹrẹ, kí bàbá ní ìyàwó mẹ́ta, èkínní bí ọmọ kan, èkejì bí méjì, ẹ̀kẹta bí mẹ́fà. Bí a bá fi ìdí-igi pín in, ọmọ kan ṣoṣo ti ìyá àkọ́kọ́ yóò gba éékà 6. Àwọn méjì ti ìyá kejì yóò gba mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn mẹ́fà ti ìyá kẹta yóò gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, éékà méjì méjì ni fún olúkúlùkù. Ó rọrùn láti mọ ẹni tí yóò fẹ́ èyí, ó sì rọrùn láti mọ ẹni tí yóò fẹ́ ìkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọkùnrin kan, Suberu Dawodu, kú ní Èkó ní ọdún 1940 láìkọ ìwé ìhágún, ó sì fi ọmọ mẹ́sàn-án tí ìyàwó mẹ́rin bí fún un sílẹ̀. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà rò pé ìdí-igi kò bá ìdọ́gba ọmọ mu. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ yí èyí padà ní ọdún 1958, ní ọdún 1962 sì ni Privy Council fi ọwọ́ sí i: wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé orí-ò-jorí jẹ́ ọgbọ́n ìgbà ìkẹyìn tí a fi ń dènà ìjà, olórí ẹbí sì lè lò ó bí èdè-àìyedè bá wà lórí bí a ó ti pín in. Àwọn kan ti bínú sí ìdájọ́ náà. Síbẹ̀, kì í ṣe nítorí owó nìkan ni ìdí-igi fi wà. Ní ilé olórogún, abẹ́ ìyá ni ọmọ ti ń jẹun, lọ́dọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó sì ti ń wá ìrànlọ́wọ́. Pípín oko fún ìyá mẹ́ta mú kí ó di mẹ́ta. Pípín in fún ọmọ mẹ́sàn-án sọ ọ́ di mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó bá ń ro oko yóò rí ìyàtọ̀ tí ó wà nínú èyí, bí adájọ́ kò tilẹ̀ rí i.

Àwọn kan kò pín oko rárá. Wọn a fi í sílẹ̀ lódidi fún ẹbí, kí olórí ẹbí máa bójú tó o, kí èrè sì máa wọlé fún gbogbo wọn. Àkọ́bí ọkùnrin, tí a ń pè ní Dáwódù ní Èkó, ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ipò náà. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní ọdún 1908, lórí ilé tí Olóyè Mábínúorí tí ó kú ní ọdún 1874 fi sílẹ̀, kóòtù sọ pé lẹ́yìn ikú Dáwódù, ọmọ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ni ipò olórí tọ́ sí. Nípa ti ogún, ọmọbìnrin kò rẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin nínú àṣà Yorùbá, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tilẹ̀ máa ń fẹ́ gbàgbé èyí nígbà tí oko bá ń so. Àìpín yìí dára fún ilé, nítorí ilé kì í béèrè iṣẹ́ lójoojúmọ́. Oko kòkó kò rí bẹ́ẹ̀. Olórí ẹbí tí ó wà ní ìlú kò lè mọ iye kòkó tí a ká. Àwọn tí ó wà lóko sọ pé òun ń jẹ iṣẹ́ àwọn, àwọn tí kò sí lóko sọ pé àwọn tí ó wà níbẹ̀ ń jí i. Olórí kò lè ta á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn náà kò sì lè ta á lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà oko náà dúró, igbó sì ń bò ó.

Àwọn àgbẹ̀ tí ó gbọ́n rí gbogbo èyí, wọ́n sì wá ojútùú kí wọ́n tó kú. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni fífi oko fún ọmọ lójú ayé. Bàbá yóò pe ọmọ, yóò pe àwọn ẹlẹ́rìí láti inú ẹbí àti láti abà, wọn yóò rin ààlà, wọn yóò ri pèrègún mọ́lẹ̀, yóò sì sọ ọ́ ní gbangba pé ibí yìí ti kúrò nínú ohun tí wọn yóò pín lẹ́yìn òun. Ọmọ tí ó ṣiṣẹ́ rí èrè rẹ̀ gbà. Àwọn yòókù kò sì lè sọ pé àwọn kò gbọ́. Àwọn mìíràn a jẹ́ kí ọmọ gbin tirẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti ayé iṣu. Àwọn tí ó mọ̀wé a kọ ìwé ìhágún, ṣùgbọ́n òfin ìhágún tí Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní òpin àwọn ọdún 1950 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ìwé há ohun tí àṣà kò jẹ́ kí ó dá há. Ilẹ̀ ẹbí wà lára rẹ̀. Ẹ̀bùn ojú ayé ni ó sì ṣe pàtàkì jù fún ìyàwó. Àṣà kò jẹ́ kí opó jogún ọkọ rẹ̀. Obìnrin tí ó ti ru kòkó fún ọgbọ̀n ọdún, tí kò sì bímọ, kò ní nǹkan kan nínú oko náà lọ́jọ́ tí a bá pín in, àfi bí ọkọ bá ti ri pèrègún fún un.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà fún àwọn tí oko wọn wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọmọ olóko tí bàbá rẹ̀ kú kì í kàn wọ oko lọ. Ó gbọ́dọ̀ fi ara hàn fún onílẹ̀, kí ó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti ń san án. Kòkó ni ó sọ ìṣákọ́lẹ̀ di ohun ìjà. Nígbà tí ó jẹ́ iṣu àti ẹran ìgbẹ́, ẹ̀rí ọ̀wọ̀ ni. Nígbà tí ó di kòkó tí a ń wọ̀n, owó ni, àwọn onílẹ̀ ní Ifẹ̀ àti àwọn àgbẹ̀ Modákẹ́kẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní àwọn ọdún 1940. Nígbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde ní ọdún 1978, àwọn àgbẹ̀ kan rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ti kú, pé gómìnà ni onílẹ̀. Ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin náà kò gba ẹ̀tọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ olóko ṣì ń jogún igi bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tí ó wà lórí ilẹ̀ náà.

Láti ọdún 1970 síwájú, ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Owó epo fa àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ìlú. Alágbàṣe di ọ̀wọ́n. Igi tí a gbìn ní àwọn ọdún 1920 àti 1930 ti darúgbó, ẹni tí yóò sì fi titun rọ́pò wọn kò sí nílé. Ní ọdún 1986 ìjọba tú ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ká, iye owó náírà tí àgbẹ̀ ń rí gbà sì lọ sókè. Lójijì ni àwọn kan tí iṣẹ́ ìlú ti bọ́ lọ́wọ́ wọn rántí abà bàbá wọn. Wọ́n dé, wọ́n bá àbúrò tàbí olùtọ́jú nínú oko, wọ́n sì béèrè ìwé. Ìwé kò sí. Àwọn tí ó rin ààlà pẹ̀lú bàbá ti kú, ṣùgbọ́n ní àwọn ibi kan pèrègún ṣì wà níbẹ̀.

Ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni ti títún oko gbìn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964 ní Ìbàdàn ti pèsè irúgbìn tí ń so kíákíá ju ti àtijọ́, nítorí náà àìsí irúgbìn kọ́ ni ó fà á. Lórí oko tí ẹbí kò pín, ọmọ tí ó bá gé igi bàbá tí ó ti gbó, tí ó sì fi owó ara rẹ̀ gbin titun, kò sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Bí òfin ti rí fún ẹni tí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún un. Bí igi náà bá so ní ọdún kẹrin, àwọn tí kò fọwọ́ kàn án lè wá béèrè ìpín wọn, àṣà yóò sì gbè wọ́n. Ó mọ èyí. Àwọn náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ní abà púpọ̀, oko tí bàbá àgbà gbìn nígbà tí ọjà kòkó wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ṣì wà lórí ìdúró, igi rẹ̀ wọ́, àlàfo pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ sì ń ká ohun tí ó bá so lọ́dọọdún, láìsí ẹni tí ó ń gbin ẹyọ kan sí i.